Bí A Ṣe Túfọ̀ Ayọ̀ fún Ìyá Oníkọ́tìnnì

Kọ́tìnnì tó wà lójú fèrèsé yàrá tí àwa aláìsàn ọkàn ti ń dúró de dókítà, ọsibítù kọ́ ló rà á. Obìnrin kan ló rán an. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá jókòó sáàárín wa, oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń ta wá lójú, gbogbo wa sì yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan náà bí adìẹ tó gbọ́ ariwo. Ó wò wá, ó wo fèrèsé, ó ní, "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń jókòó nìyí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó mà ṣe o." Nígbà tó máa padà wá, ó ti fi àgékù aṣọ oríṣiríṣi rán kọ́tìnnì kan tó gùn dé ilẹ̀, ó kó ìṣó àti òòlù ọkọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì ní kí n bá òun gun àga.

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní kí n má gun nǹkan o. Ọkàn mi."

Ó ní, "Tèmi ńkọ́? Ṣé òkúta ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà ló padà bọ́ bàtà tó gun àga. Òun ló kan kọ́tìnnì náà fún wa, àwa aláìsàn sì jókòó sílẹ̀, à ń pàṣẹ fún un: ẹ sún un sápá òsì díẹ̀, ó ti wọ́, ẹ dá a padà. Láti ọjọ́ náà la ti ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Oníkọ́tìnnì.

Iṣẹ́ kọ́tìnnì rírán ló fi jẹun láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Bí ẹ bá sọ fún un pé fèrèsé yín ti tóbi jù, á bi yín bóyá ó tóbi ju gbogbo aṣọ tó wà lọ́jà lọ. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ilé oníbàárà kan ni wọ́n sì ti pàdé. Ọkùnrin náà ń kan igi tí wọ́n máa fi kọ́ kọ́tìnnì, obìnrin náà dúró tì í pẹ̀lú aṣọ lápá, ó ń wò ó. Ó ní igi náà wọ́. Ọkùnrin náà ní kò wọ́. Wọ́n jà á títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú, ìjà igi yẹn náà ni wọ́n sì ń bá bọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ra, tí wọ́n fi bí ọmọbìnrin kan tó ti wà nílé ọkọ báyìí. Bí ẹ bá bi ọkùnrin náà lónìí, á ní igi yẹn ò wọ́.

Nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, kò pè é ní àìsàn. Tó bá gun àtẹ̀gùn ilé oníbàárà, á dúró ní agbedeméjì, á máa wo ògiri bí ẹni tó ń yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò, kí wọ́n má baà mọ̀ pé èémí ló ń wá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò sì lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Dókítà wá ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú ọkàn ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, pé ọ̀kan nínú tirẹ̀ kò padé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú sì ń ṣẹ́rí padà sẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ délẹ̀, ó ní, "Dókítà, bí ilẹ̀kùn ò bá padé, ṣé ẹ ò lè bá mi ta kọ́tìnnì sí i ná?" Dókítà yẹn, tí ẹnì kankan nínú wa kò rí eyín rẹ̀ rí, bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún la wá ń dúró dè, òun àti èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa tẹ́ ènìyàn sí lẹ́yìn rẹ̀ kò tó, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn sì ní ọjọ́ tó bá wù ú láti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fi sìn wá sílé: "Ẹ máa lọ, a óò pè yín." A gbọ́ ọ títí a fi sọ ọ́ di ìkíni. Bí ẹnì kan bá wọlé láàárọ̀, á ní, "A óò pè yín o," gbogbo wa á dáhùn pé, "Àṣẹ." N kò bínú sí àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí mo ń fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń sá sókè sá sódò láìjẹun. Àwọn tí mò ń bínú sí kò fi ìdí kan bẹ́ǹṣì yẹn rí.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ẹni tó sábà máa ń jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ni bàbá kan tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ọkàn rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Dírẹ́bà la ṣì ń pè é. Òun ló sọ wá di olófin. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kan débi pé èémí rẹ̀ há, wọ́n ní láti tẹ́ ẹ gbalaja kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dá àpárá láàárín wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nawọ́ sókè, kó ní, "Ẹ̀rín ń bọ̀ o," gbogbo wa á di bẹ́ǹṣì mú, a ó mí sínú. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan fún iṣẹ́ abẹ, a kì í hó. Ìka méjì méjì la fi ń pàtẹ́wọ́. Bí ìròyìn kan bá sì wà láti sọ, ìbáà ṣe pé ẹ̀rọ àwòrán ti ṣiṣẹ́, a ó ní, "Ẹ jókòó ná," a ó di ẹni náà lọ́wọ́ mú, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Ìyá Oníkọ́tìnnì ní ìwà ọ̀lẹ ni. Ó ní, "Ẹ̀ ń gbé ọkàn yín bí ẹni gbé ẹyin, ẹ ò sì ní í jẹ ẹyin náà." Ṣùgbọ́n ó ń pa òfin wa mọ́, nítorí ó fẹ́ràn wa.

Nígbà tó yá, agbára òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kò lè rán aṣọ kan parí lẹ́ẹ̀kan mọ́, àfi kó dúró kó sinmi láàárín. Dókítà pe ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó sọ fún un pé ilẹ̀kùn ọkàn yẹn ń bàjẹ́ sí i, pé bí iṣẹ́ abẹ kò bá tètè wáyé, ìgbà ń bọ̀ tí kò ní ṣeé ṣe mọ́. Káfíńtà wá fi tó mi létí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń gé irun rẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo pa ẹ̀rọ ìgẹ̀run, mo jókòó tì í. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, mo ń fá àgbọ̀n oníbàárà kan lọ́wọ́, Dírẹ́bà jókòó lórí àga kejì, tó ń sọ bí ayé ṣe rí nígbà tí òpópónà ṣì dára, bí Káfíńtà ṣe já wọlé nìyẹn. Kò kí wa.

Ó ní, "Wọ́n ti pè o."

Dírẹ́bà ní, "Jókòó ná."

Kò jókòó. Ó ní nọ́ọ̀sì àgbà ló pe fóònù òun. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ibà lára, wọ́n ti sún tirẹ̀ síwájú títí ara rẹ̀ á fi yá, àyè sì ti ṣí sílẹ̀ fún Ìyá Oníkọ́tìnnì. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pè kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, kó ní òun gbà, òun ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á pe ẹni tó tẹ̀ lé e, nítorí wọn ò lè jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì wà lófìfo.

Mo ní, "Kí ni Màmá wá sọ?"

"Mi ò tíì sọ fún un."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Nọ́ọ̀sì ní kí n rọra sọ fún un, nítorí ọkàn ẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ ọ́! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó, inú mi dùn débi pé orúnkún mi ń gbá ara wọn. Mo wá ní, bó bá ṣe èmi tára mi le báyìí, kí ló máa ṣe òun? Ni mo bá sá jáde. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkàn sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi délé."

Èmi àti Dírẹ́bà wo ara wa. Kí n sòótọ́, orí wa wú. Láti ọjọ́ tí a ti ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó pè é ní ìmọ̀ rí. Mo fi oníbàárà mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ní ìdajì àgbọ̀n, mo ní mò ń bọ̀. Ó ń pariwo tẹ̀ lé wa títí a fi yà ní kọ̀rọ̀ òpópónà.

Aláìsàn ọkàn méjì kì í sáré. Káfíńtà á sáré síwájú, á dúró, á sáré padà wá bá wa, á tún sáré lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn tó ìlọ́po mẹ́ta tiwa. Dírẹ́bà ló ń to ètò bí a ṣe ń lọ. Ó ní, "Onígbàjámọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. A ò gbọdọ̀ kù gììrì wọ̀ ọ́. Èmi ni màá bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ìwọ á gbà á ní àárín. Ọkọ ẹ̀ á wá gbé e délẹ̀." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa lójú mi nígbà yẹn.

Iwájú ilé wọn ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó fẹ̀ bo gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn, ojú ọkọ rẹ̀ sì pọ́n.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ta ló kú?"

Dírẹ́bà ní, "Kò sẹ́ni tó kú," ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn ilé òkú ni. "Ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó."

Òótọ́ ni. Dírẹ́bà wò mí, kò mọ ibi tí òfin wa gbà lọ láti ibẹ̀. A fa àga méjì sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo di tòsì mú. Káfíńtà gbé omi wá, kò sẹ́ni tó ní kó gbé e wá. Obìnrin náà wo omi náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ wa.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ọmọ wà dáadáa," ni ọkọ rẹ̀ sọ kíá.

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Á jẹ́ pé èmi ni."

Dírẹ́bà wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Oníkọ́tìnnì, ṣé ẹ mọ̀ pé kò sóhun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í lópin? Bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, ọjọ́ kan ni ọkọ̀ á wọ gáréèjì. Ẹ ti sapá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ ti sapá."

Ìdúró wa lórí bẹ́ǹṣì ló ń sọ. Mo lè búra pé ìdúró wa ló ń sọ! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bó ṣe dún. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, mo sì yára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí n lè tún un ṣe. Mo ní, "Ohun tí Dírẹ́bà ń sọ ni pé, àwọn dókítà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín, Màmá. Ẹnu wọn sì ti kò." Èyí tún wá burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Bí mo ṣe ní kí n máa bá a lọ, Káfíńtà, tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ délẹ̀, bú sẹ́kún. Ẹkún ayọ̀ ni o, àmọ́ ta ni ẹkún ń sọ orúkọ fún?

Ìyá Oníkọ́tìnnì rọra gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Kò pariwo, omi kò sì yọ lójú rẹ̀. Ó fi eyín gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó tẹ́ aṣọ náà sórí ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí, ọmọ mi ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Kó máa fi epo sí i, kì í fẹ́ kó gbẹ. Aṣọ yìí, etí kan ló kù. Ẹ má gbé e fún àwọn tí abẹ́rẹ́ wọn máa ń fo." Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ nu ojú yín. Ẹ ò lè dá ilé yìí gbé, ẹ ò mọ iná dá. Ẹ lọ bá ọmọ yín. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ẹ fẹ́ ẹni tó máa lè sọ fún yín pé igi yín wọ́. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ìgbà yìn yín á ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Káfíńtà tún gbé ẹkún sókè. Ó ń fọwọ́ sọ pé rárá, ẹnu rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ jáde.

Ó yíjú sí èmi àti Dírẹ́bà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bá mi máa fọ kọ́tìnnì ọsibítù yẹn o. Ó ti dọ̀tí, ẹ kàn ń wò ó ni."

Mo gbójú sókè nítorí n kò fẹ́ kó rí ojú mi, ni mo bá rí agogo ara ògiri. Aago méjìlá fẹ́ẹ̀ lù. Mo gbọ́ tí Dírẹ́bà tún wú ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n tún gba ẹ̀yìn wá sínú ọ̀rọ̀ yìí." Inú bí mi. Ó bí mi sí Dírẹ́bà, sí ara mi, sí gbogbo òfin wa àti bẹ́ǹṣì tó bí wọn.

Mo dìde, mo pariwo, "Dírẹ́bà, ẹ panu mọ́! Màmá, wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀dì fún yín! Ẹ máa ṣe iṣẹ́ abẹ! Nọ́ọ̀sì ń retí ohùn yín kó tó di aago méjìlá, ẹ dìde, ẹ pè é!"

Dírẹ́bà fò mọ́ èjìká rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sáré gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀. Èmi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ, bí ẹni pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe tí mo bá rí i. Obìnrin náà ò mira. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ rọra."

"Fún èmi."

"Fún ẹ̀yin. Ẹ mí síta."

"Ohun tẹ́ ẹ wá sọ nìyẹn?"

Ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, láti ikùn ni, ó ń gùn bọ̀ wá sókè. Ó rẹ́rìn-ín títí aṣọ aláwọ̀ ewé fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá ẹ̀rọ, a sì na ọwọ́ mẹ́fà lé e lórí, à ń ní ó tó, Màmá, ó tó, ẹ fara balẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kúrò lára mi! Ọkàn tó gbọ́ ikú ara ẹ̀ lẹ́nu yín, tí ò dákú, ṣé ayọ̀ ló máa wá pa á? Ẹ gbé fóònù fún mi, ẹ̀yin apanimáyọdà."

Ó pè é, wọ́n ń lo ìlà. Ó tún pè é, wọ́n ń lò ó. Nígbà tó wọlé, ohùn kan ní kó dúró, orin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí fóònù. Kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́rin tí ìdúró kò mọ́ lára, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó le tó ìdúró yẹn láyé mi. Káfíńtà kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Orin náà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ nọ́ọ̀sì àgbà, tó ń mí bí ẹni tó sáré wá.

"Èmi ni," ni Ìyá Oníkọ́tìnnì wí. "Mo gbà. Mò ń bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní mò ń bọ̀ o." Ó tẹ́tí díẹ̀. "Ọkàn tèmi balẹ̀ dáadáa, nọ́ọ̀sì. Àwọn ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ mi níbí ni kẹ́ ẹ wá tọ́jú."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, ó sì fẹ́ tẹ́ ẹ padà. Kò lè tẹ́ ẹ. Nígbà tó rò pé òun ń kú lọ, ó pín ẹ̀rọ, ó pín ọkọ, ojú rẹ̀ gbẹ. Ní báyìí tó mọ̀ pé òun lè yè, ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo ojú, ó sunkún kíkankíkan, gbogbo èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rù bà wá.

Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá wọn, ọkàn ẹ o. Jọ̀ọ́, ọkàn ẹ."

Ó na ọwọ́ láti abẹ́ aṣọ, ó gbá orí ọkùnrin náà mú. "Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́," ó ní. "Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọn ò tíì tú aṣọ tí wọ́n fi di àyà rẹ̀ tó fi ti bá ọkọ rẹ̀ jà lórí bí ó ṣe to ìrọ̀rí, àwọn nọ́ọ̀sì sì ní ohùn rẹ̀ dé yàrá kejì. Èmi ṣì ń dúró de tèmi. Mo ti sọ fún ìyàwó mi: lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè, kó má mú ẹnì kankan wá jókòó tì mí, kó má gbé omi wá. Láti ìta gbangba ni kó ti máa pariwo rẹ̀ bọ̀, kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ kí n tó gbọ́.